Ẹ̀rọ Géèmù Tó Ń Gbé Ilé Tó Tún Ń Rìn: Èwo Ni Hybrid Tòótọ́?

Lẹ́tà tó ti Abẹ́òkúta wá lóṣù yìí pọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bi wá: ẹ̀rọ géèmù tí à ń gbé lọ́wọ́ tí a tún ń so mọ́ tẹlifíṣàn, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní hybrid. A ti mú mẹ́fà nínú wọn síbí.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ géèmù fún àwọn ọmọ mi méjèèjì kí ilé-ìwé tó gba ìsinmi. Ẹni tó ń tà á ní Òkè-Ìléwó ní hybrid ni gbogbo ẹ̀rọ tó bá ti ṣeé gbé lọ́wọ́, tó sì ní ihò tí a lè ti wáyà tẹlifíṣàn bọ̀. Àbúrò ọkọ mi ní irọ́ ni. Ta ni kí n gbà gbọ́? — Ìyá Ìbejì, Ìbarà

Àbúrò ọkọ yín ni kí ẹ gbà gbọ́, Ìyá Ìbejì. Ihò wáyà nìkan kọ́ ló ń sọ ẹ̀rọ di hybrid. Àwọn fóònù kan wà tó lè gbé àwòrán wọn sórí tẹlifíṣàn, kò sì sẹ́ni tó ń fi orúkọ yẹn pè wọ́n. Ẹni tó ní ihò wáyà ti tó ń pe àdán ní ẹyẹ nítorí pé ó ń fò.

Ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń kúrò lọ́wọ́ bọ́ sórí tẹlifíṣàn gan-an ni kí ẹ máa wò. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wà láàárín eré, kó ti sáré dé ìdajì ọ̀nà, kí ẹ wá gbé ẹ̀rọ náà sínú àpótí ìdìmú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní dock. Bó bá jẹ́ hybrid tòótọ́, eré yẹn kò ní kú, kò sì ní ní kí ọmọ tún un bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, yóò yọ lórí tẹlifíṣàn níbi tó dé gẹ́lẹ́. Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ojú tí òun ń yàwòrán sí ti fẹ̀ sí i, kó sì fi kún agbára tó ń lò. Páàdì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé yọ kúrò lára rẹ̀, nítorí ẹni tó jókòó sórí àga kò lè na ọwọ́ dé ìdí tẹlifíṣàn. Ohun tí ẹ ó fi ta á nílé àti ohun tí ẹ ó fi ta á lọ́nà, inú páálí kan náà ló yẹ kí gbogbo rẹ̀ wà.

Ẹ fi èyí wọn àwọn tó ti wáyé rí. Lọ́dún 1995, Sega gbé Nomad jáde ní Amẹ́ríkà. Káséètì géèmù tí wọ́n ń lò nílé náà ló ń lò, ó sì ní ihò tẹlifíṣàn. Ó sún mọ́ ọn púpọ̀. Ṣùgbọ́n òkúta bátìrì mẹ́fà ló ń jẹ, kì í sì í pẹ́ kó tó jẹ wọ́n tán. Bí ẹ bá sì so ó mọ́ tẹlifíṣàn, ara ẹ̀rọ náà ni páàdì ẹni àkọ́kọ́. Ihò páàdì tó wà lára rẹ̀, ti ẹnì kejì ni. PSP tí Sony ṣe lọ́dún 2007 náà ń fi wáyà gbé eré sórí tẹlifíṣàn, àmọ́ àárín ni àwòrán náà máa ń wà bíńtín, tí dúdú á yí i ká, nítorí kò fi nǹkan kan kún iṣẹ́ rẹ̀. Wii U, ti ọdún 2012, ní páàdì tó lójú bíi ti tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ sì lè pa tẹlifíṣàn kí ẹ máa ta géèmù lórí páàdì yẹn. Ṣùgbọ́n inú ilé ni ẹ̀rọ gan-an jókòó sí. Ẹ gbé páàdì náà dé ẹnu ọ̀nà àdúgbò, eré ti já.

Nintendo Switch tó jáde ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 2017 ló kọ́kọ́ pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ wo bí ìṣirò rẹ̀ ṣe bára mu. Tó bá wà lọ́wọ́, àwòrán 1280 × 720 ló ń yà, ìyẹn àmì ìmọ́lẹ̀ kéékèèké 921,600. Lórí tẹlifíṣàn, ó lè dé 1920 × 1080, ìyẹn 2,073,600. Ìlọ́po méjì àti ìdámẹ́rin nìyẹn. Apá tó ń yàwòrán nínú rẹ̀, tó ń sáré ní 307.2 tàbí 384 MHz nínú ọ̀pọ̀ eré tó bá wà lọ́wọ́, máa ń gòkè dé 768 MHz tó bá wọ dock. Ìlọ́po méjì sí méjì ààbọ̀ nìyẹn náà: bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ sí i ni agbára pọ̀ sí i. Apá tó ń ronú eré, tó ń pinnu ibi tí ọ̀tá yóò gbà yọ àti bí bọ́ọ̀lù yóò ṣe ta, kò kúrò ní 1,020 MHz, ì báà wà nílé, ì báà wà lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí eré kì í fi yára nílé kó wá máa falẹ̀ nínú mọ́tò.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé inú dock ni agbára yẹn ti ń wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń sọ àwòrán USB-C di ti HDMI, ojú USB díẹ̀ àti ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé, kò ju ìyẹn lọ nínú dock Switch. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí iná ògiri bá ń bọ́ ọ, kò ní láti máa ṣọ́ bátìrì jẹ mọ́, fáànù rẹ̀ náà á sì máa yára sí i.

Àǹfààní kan tún wà fún ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀. Bí NEPA bá mú iná nígbà tí ọmọ ń ta géèmù lórí ẹ̀rọ tí kì í kúrò nílé, gbogbo ohun tí kò tíì fi pamọ́ ti lọ nìyẹn. Tó bá jẹ́ hybrid, bátìrì inú rẹ̀ ti gba eré náà mú. Kí ọmọ kàn fà á yọ nínú dock, kó máa bá a lọ.

Níwọ̀n bí ọmọ ti jẹ́ méjì, ẹ tún wo èyí: páàdì kékeré méjì tí wọ́n ń pè ní Joy-Con ló wà lára Switch, ẹ sì lè yọ wọ́n kí ọmọ kọ̀ọ̀kan di ọ̀kan mú ní ìbú. Wọn kò ní láti ra páàdì kejì lọ́jọ́ kìíní. Lẹ́yìn páálí géèmù kọ̀ọ̀kan, ẹ óò rí àwòrán kékeré mẹ́ta tó ń sọ bóyá eré náà ṣeé ta lórí tẹlifíṣàn, lórí tábìlì àti lọ́wọ́. Ẹ wò ó dáadáa, nítorí kì í ṣe gbogbo eré ló gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo ra Switch Lite tòkunbọ̀ ní Pánṣẹ́kẹ́, mo wá ra dock lọ́tọ̀. Ó ń ṣáájì nínú dock ṣùgbọ́n tẹlifíṣàn kò fi nǹkan kan hàn. Mo ti pààrọ̀ wáyà HDMI lẹ́ẹ̀mẹ́ta. — Òǹkàwé, Àsẹ́rò

Ẹ má ra wáyà kẹrin. Wọn kò fi ọ̀nà àwòrán sí ihò USB-C Lite rárá; iná nìkan ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Kò sí dock, kò sì sí ẹni tó ń tún fóònù ṣe tó lè yí i padà. Ẹ̀rọ ọwọ́ pọ́nńbélé ni Lite, ó jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ojú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 5.5, páàdì rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá lè dá dock padà fún ẹni tó tà á fún yín, ẹ tètè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dùn wá pé wọ́n tà á fún yín láìbéèrè irú ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ lò ó fún.

Kí ẹlòmíràn má bàa ṣìnà, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ kí ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́. HDH-001 ni Lite. HAC-001 ni Switch àkọ́kọ́, tí bátìrì rẹ̀ ń lo wákàtí 2.5 sí 6.5. Bí ẹ bá rí HAC-001(-01), èyí tí wọ́n ṣe láti ọdún 2019 ni, bátìrì rẹ̀ ń lo wákàtí 4.5 sí 9, òun ni kí ẹ mú tí owó méjèèjì bá jọra. HEG-001 ni ti Switch OLED olójú ínṣì 7. Ojú rẹ̀ rẹwà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n lórí tẹlifíṣàn 1080 náà ló mọ.

Ẹ̀yin bọ̀dá wa, Steam Deck ńkọ́? Ọ̀rẹ́ mi tún ní PlayStation Portal, ó ní hybrid ni tòun. — Akẹ́kọ̀ọ́, Alábàtà

Portal kọ́ rárá. Kò sí géèmù kankan tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ibòmíràn ni eré wà, PS5 tó wà nílé lọ́pọ̀ ìgbà. Ojú àti páàdì lásán ni Portal, orí Wi-Fi ni àwòrán sì ń gbà wá. Sony ní ó kéré tán, ó nílò Wi-Fi tó ń sáré tó 5 Mbps, pé 15 ló dára. Bó bá jẹ́ inú PS5 ni eré ti ń wá, tí iná sì lọ níbẹ̀, eré náà já nìyẹn. Kò tún ní ihò tí àwòrán lè gbà jáde lọ sórí tẹlifíṣàn.

Steam Deck ló ṣòro dájọ́. Ó jáde ní oṣù kejì ọdún 2022, kọ̀ǹpútà gidi ló wà nínú rẹ̀, ó ń bá tẹlifíṣàn ṣiṣẹ́ dáadáa, eré kan náà ló sì ń tẹ̀síwájú. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ta dock rẹ̀ lọ́tọ̀, páàdì rẹ̀ kò ṣeé yọ, agbára tó ní lọ́wọ́ náà ló sì ní nínú dock. Ojú rẹ̀ jẹ́ 1280 × 800. Bí ẹ bá ní kó ta géèmù ńlá ní 1920 × 1080, àmì ìmọ́lẹ̀ tó lé ní ìlọ́po méjì lẹ dì lé e lórí láìfi oúnjẹ kún oúnjẹ rẹ̀, á sì máa fà. Ẹ dín ìwọ̀n àwòrán eré náà kù sí 1280 × 720 kí tẹlifíṣàn fẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, yóò rọrùn. Lójú tiwa, kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ tó dára ni, tó lè dé orí tẹlifíṣàn. A kò ní pè é ní hybrid ní kíkún, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní ní kí ẹni tó ti rà á kábàámọ̀.

Switch mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́wọ́. Tí mo bá gbé e sínú dock, ó ń ṣáájì, ṣùgbọ́n tẹlifíṣàn á ní kò sí àwòrán. Ṣájà fóònù ni mo ń lò nítorí ti àtilẹ̀wá ti jó. — Ọmọ Ẹ̀gbá, Ọbáńtókò

Ṣájà yẹn ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ṣájà àtilẹ̀wá Switch ń gbé oríṣi iná méjì jáde: 5V ní 1.5A, àti 15V ní 2.6A, èyí tó jẹ́ wáàtì 39. Ẹ̀rọ náà lè ṣáájì pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n dock kì í gbé àwòrán sórí tẹlifíṣàn àfi tó bá rí 15V. Ọ̀pọ̀ ṣájà fóònù kò ní 15V rárá. Àwọn mìíràn fo láti 9V sí 12V kí wọ́n dúró síbẹ̀. Ẹ ka àkọlé kéékèèké tó wà lára ṣájà. Bí ẹ kò bá rí 15V àti 2.6A tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a sì kọ USB PD (ìlànà tí ṣájà àti ẹ̀rọ fi ń ṣàdéhùn iye iná) sí i, ẹ fi sílẹ̀ fún fóònù. Ẹ tún wò ó bóyá ó kọ 100–240V síbi iná àwọlé. Bó bá wà níbẹ̀, ì báà ti Amẹ́ríkà wá, pílọ́ọ̀gì tó bá ògiri wa mu nìkan ló kù. Kò nílò ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù.

Tí ṣájà bá ti pé, ẹ ṣe é báyìí. Ẹ yọ Switch kúrò nínú dock. Ẹ yọ wáyà iná lára ògiri àti lára dock, ẹ yọ HDMI náà, kí ẹ fi ohun gbogbo sílẹ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú ó kéré tán. Ẹ wá ti wáyà iná bọ dock kọ́kọ́, kí ẹ tó ti HDMI bọ̀ ọ́, kí ẹ tó tan iná ògiri. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá gbé ẹ̀rọ sí i. Iná kékeré aláwọ̀ ewéko kan wà níwájú dock: bó bá tàn, àwòrán ti ń jáde, ara tẹlifíṣàn tàbí wáyà HDMI ni kí ẹ ti wá àléébù. Ẹ rí i pé HDMI tí ẹ yàn lórí tẹlifíṣàn ni èyí tí ẹ ti wáyà bọ̀ gan-an, nítorí 1 àti 2 máa ń ṣì ní lọ́nà. Bí tẹlifíṣàn yín bá ti dàgbà, ẹ wọ System Settings, ẹ wá TV Resolution níbẹ̀, kí ẹ yí i kúrò ní Automatic sí 720p.

Bó bá jẹ́ dock olówó pọ́ọ́kú tí kì í ṣe ti Nintendo ni ẹ ń lò, ẹ ṣọ́ra. Inú Switch, ohun kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní M92T36, òun ló ń bá ṣájà dúnàádúrà iye iná tí yóò wọlé. Dock tàbí ṣájà tí kò bá tẹ̀lé ìlànà lè sun ún. Àmì rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kò ní gbé àwòrán sórí tẹlifíṣàn mọ́, kò ní ṣáájì bó ṣe yẹ, nígbà mìíràn kò ní tàn rárá. Ó ṣeé pààrọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni tó mọ bí a ti ń fi atẹ́gùn gbígbóná jó nǹkan kúrò lórí bọ́ọ̀dù ni, kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó kàn ń pààrọ̀ gíláàsì fóònù. Ẹ bi í bóyá ó ti ṣe irú rẹ̀ rí kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ fún un.

Nípa iná tó ń lọ sókè-sódò: ẹ má ti dock bọ ojú iná kan náà pẹ̀lú fíríìjì tàbí ẹ̀rọ omi. Bí jẹnẹrétọ̀ ni ẹ ń lò, ẹ tan jẹnẹrétọ̀ kó ròkè tán kí ẹ tó ti ṣájà bọ̀ ọ́, kí ẹ sì yọ ọ́ kí ẹ tó pa á. Ìgbà títàn àti ìgbà pípa ni iná máa ń ta jù.

Mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Láderin lọ sí Èkó. Irú pọ́wà bánkì wo ló lè gbé Switch, ṣé ooru kò sì ní bà á jẹ́? — Òṣìṣẹ́, Kútọ̀

Ẹ wá èyí tó ní USB-C tó ń gbé iná jáde pẹ̀lú PD, wáàtì 18 sókè. Tí ẹ bá fi ti 5V lásán sí i, tí eré náà sì wúwo, bátìrì lè máa lọ sílẹ̀ níṣojú yín, bí pọ́wà bánkì tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ní ti iye iná tó lè gbà: 20,000 mAh ní 3.7V jẹ́ 74 Wh. Bátìrì Switch jẹ́ 4,310 mAh, bíi 16 Wh. Ẹ yọ nǹkan bí ìdámẹ́rin kúrò fún ohun tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà, ó kù bíi 55. Yóò kún Switch lẹ́ẹ̀mẹ́ta bó bá jẹ́ òótọ́ ni wọ́n kọ sí i lára.

Nintendo ní kí a lò ó láàárín 5 sí 35 °C. Ẹ má fi sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa, pàápàá ní oṣù kejì àti ìkẹta. Òkè orí rẹ̀ ni ooru ń gbà jáde, nítorí náà ẹ má fi aṣọ bò ó nínú dock. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tó rọ̀ gbá ẹnu ihò fáànù. Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á bá a wọlé. Bí ẹ kò bá ní lò ó fún ìgbà pípẹ́, ẹ máa ṣáájì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́fà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bátìrì lè kú pátápátá.

Ẹni tó wà nínú géèmù ń rìn fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan páàdì. Ṣé kí n ra Joy-Con tuntun ni, àbí kí n kúkú ra Switch 2? — Òǹkàwé, Ìtòkú

Ẹ má tíì náwó. Ọ̀pá ìdarí tí àtàǹpàkò ń tì ló ti ń jẹ. Lábẹ́ rẹ̀, irin tíńtín kan ń yún orí ìlà kábọ́ọ̀nù. Bí kábọ́ọ̀nù ṣe ń jẹ, tí eruku sì ń kó sí i, ẹ̀rọ á rò pé ẹ ń tì í. Ẹ wọ System Settings, Controllers and Sensors, Calibrate Control Sticks, kí ẹ tẹ̀lé ohun tó ní kí ẹ ṣe. Bí kò bá lọ, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ gbé etí rọ́bà tó yí ìdí ọ̀pá ká sókè, kí ẹ kán ọtí ìnunǹkan tó mọ́ ní 90% sókè sí i ní ẹ̀kán kan péré, kí ẹ yí ọ̀pá náà káàkiri, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ìyẹn lè mú un fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀.

Ìwòsàn tó dúró ni kí ẹ pààrọ̀ ọ̀pá náà. Ẹ béèrè èyí tó ń lo òòfà, tí wọ́n ń pè ní Hall effect; kò sí ohun tó ń fara yún ara nínú rẹ̀. Síkúrù mẹ́rin ẹ̀yìn Joy-Con ní ẹnu alápá mẹ́ta, irin Y00 ló ń tú u. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ tàbí irin mìíràn tú u, orí rẹ̀ á bó, kò sì ní ṣeé tú mọ́. Ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹní ń ṣí ìwé, nítorí okùn pẹlẹbẹ so apá méjèèjì pọ̀. Yíyọ wáyà bátìrì ni àkọ́kọ́, kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ọ̀pọ̀ tó ń ṣe é fúnra wọn ló máa ń fa okùn pẹlẹbẹ já: ìlẹ̀kùn kékeré wà lẹ́nu ihò tí okùn wọ̀, ẹ gbé ìlẹ̀kùn yẹn sókè kí ẹ tó fa okùn. Síkúrù méjì ló di ọ̀pá mú. Lẹ́yìn tí ẹ bá dì í padà, ẹ tún ṣe Calibrate.

Ti Switch 2, tó jáde ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2025: ojú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 7.9, ó lè dé 4K lórí tẹlifíṣàn, wọ́n sì ti fi fáànù sínú dock rẹ̀. Ọ̀pọ̀ géèmù Switch ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìṣirò yín dáadáa. Joy-Con àtijọ́ kò lè lẹ̀ mọ́ ọn, orí afẹ́fẹ́ nìkan ló lè bá a ṣiṣẹ́. Dock àtijọ́ kò bá a mu, ṣájà àtijọ́ lè kún bátìrì rẹ̀ ṣùgbọ́n kò lè gbé e sórí tẹlifíṣàn. Géèmù kò lè wà lórí káàdì microSD lásán mọ́, àfi microSD Express. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì níṣojú ẹni tó ń tà á, kí ẹ ṣí eShop, ilé ìtajà Nintendo lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wò kí owó tó jáde, nítorí Nintendo máa ń dí ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ tí wọ́n bá fi ta géèmù àjígbé.